Ohùn Àyọ̀kẹ́ Nínú Sípíkà

"Nǹkan kan wà nínú ilé yìí tí kò fẹ́ràn mi," ni Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè wí látorí àkàbà. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da kànga mẹ́ta lé e lórí. "Mo ti pààrọ̀ wáyà. Mo ti pààrọ̀ ráútà. Mo ti yí pásíwọọ̀dù padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí ló tún kù? Ṣé kí n máa fi ẹ̀jẹ̀ ara mi gbé iná fún un ni?"

Èmi ni mo di àkàbà mú. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ yín ò ní tó. Ẹ tín-ín-rín jù."

"Pamílẹ́rìn, n óò bọ́ sílẹ̀ bá ọ."

"Ẹ má bọ́ o, ilẹ̀ á ya."

Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè kì í ṣe ọmọ Adó. Ìwó ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, níbi tó ti ń ṣe iná oòrùn àti káméra. Àǹtí Dùnsìn, àkọ́bí Bàbá wa àgbà, ló fi páálí ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láti Kánádà pé kó bá wa so wọ́n mọ́ ilé wa ní àdúgbò Òkè-Ìlà. Òun tó ti so ẹgbẹ̀rún ilé tán, ilé wa fẹ́ sọ ọ́ di aláṣọ jíjá.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi dé ilé wa kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni Màmá àgbà, Màmá Àyọ̀kẹ́ ìyàwó Bàbá wa àgbà, ti kú. Láti ìgbà náà ni ìgbàgbé ti ń jẹ Bàbá Ajíbádé lórí díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ ìwé. Bàbá tó ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ti nà láyé! Ó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ ìsinmi Àjíǹde ni, wọ́n rí i níwájú ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́, tó ń bínú pé àwọn ọmọ pẹ́ lẹ́yìn. Èmi àti ìyá mi, ọmọ rẹ̀ kejì, nìkan la wà pẹ̀lú rẹ̀. Tíṣà ni ìyá mi, kò lè jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́. Ni Àǹtí Dùnsìn bá ní kí ilé fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ Bàbá.

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ní òòfà wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, fóònù èmi àti ti ìyá mi á dún. Káméra wà ní pálọ̀. Gílóòbù wà tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí Bàbá bá dìde lọ tọ̀. Sípíkà roboto kan sì wà lórí tábìlì, tí èèyàn lè ti ibikíbi bá ẹni tó wà nílé sọ̀rọ̀ láti inú fóònù. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí tí mo ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún ilé-ìwé girama, nítorí pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìṣirò kò wọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti fóònù! Ẹ gbé fóònù tó ti kú sin mọ́ mi lọ́wọ́, á jí, á sì kí mi káàárọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí: lójoojúmọ́, bí a bá ti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, gbogbo ẹ̀rọ á kú pátápátá. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á tún jí. Ọjọ́ kẹta nìyí tí Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè ti ń wá ohun tó ń pa wọ́n.

Èmi ni mo rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Bàbá ṣe "Àmín", ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé ká. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n, tà! Ti fíríìjì, tà! Ti fáànù, tà! Ó dé ibi ráútà tó ń fún gbogbo ẹ̀rọ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ pa, tà! Ó ní, "Nẹ́pà ò ní jó mi nílé." Ó sì wọlé lọ sùn.

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa kọ́tìnì já. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Adó yìí? Bí nẹ́pà bá fi ìbínú mú iná dé, fíríìjì á jó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jágbe mọ́ wa pé, "Pa súìṣì yẹn kó o tó sùn!" Àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ilé kan wà láyé tí bàbá arúgbó ti máa ń pa gbogbo ògiri kó tó sùn.

Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀. "Kò le. Ńṣe la máa gbé ráútà gun àjà, níbi tí ọwọ́ Bàbá ò ní tó o. Mọ́ńdè ni mo máa mú wáyà gígùn wá. Kí ìyá rẹ ṣì máa bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Ìyá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ pa.

Bí mo bá ní sùúrù di Mọ́ńdè, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n sùúrù àti èmi kò jọ jẹun rí. Ẹ gbọ́, kò sí ohùn tí n kò lè sín jẹ. Mo lè sín pásítọ̀ wa jẹ, mo lè sín ewúrẹ́ jẹ, mo lè sín jẹnẹrétọ̀ tí epo ń tán nínú rẹ̀ jẹ. Nígbà tí Màmá Àyọ̀kẹ́ wà láyé, mo máa ń fi ohùn rẹ̀ pe Bàbá láti ilé ìdáná, Bàbá á sì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Màmá fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí ìró á fi tú nídìí rẹ̀. Ọmọ Ìjan, ìlú kan tí kò jìnnà sí Adó, ni Màmá, ohùn Ìjan kò sì kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. "Uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọwọ́ Bàbá ti kan súìṣì ráútà, mo wà ní yàrá, mo gbé fóònù sẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Dùnsìn, ẹ fi yẹn sílẹ̀ o."

Ọwọ́ Bàbá dúró lójú afẹ́fẹ́. Mo ń wò ó nínú káméra. Ó yíjú sí sípíkà.

"Àyọ̀kẹ́?"

"Èmi ni. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ sùn."

Bàbá ṣí fìlà lórí, bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa, Àyọ̀kẹ́ mi." Ó sì lọ sùn. Kò tún fọwọ́ kan ráútà mọ́.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè gbé wáyà dé ní Mọ́ńdè, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Mo ní, "Ọpọlọ ni, Bọ̀ọ̀dá. Tèmi wúwo ju àpáta Olósùnta lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka ti ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí ti wọ́. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á máa dún lásán. Sún òòfà yìí mọ́ ẹ̀rọ díẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Màá ṣe é lọ́la, sà."

N kò ṣe é lọ́la. N kò ṣe é lọ́túnla. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, fóònù á dún, màá sì pa á lẹ́nu mọ́.

Eré ni, eré ni, báyìí ni àlàbọrùn ṣe di ẹ̀wù. Bí Bàbá bá ń tu oògùn dànù, màá sọ láti yàrá pé, "Bàbá Dùnsìn, ẹ lo oògùn yín," yóò sì gbé e mì. Ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Bàbá ń yá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wọ aṣọ tó dára, á sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ sípíkà. Ó ń ròyìn fún un: ẹni tó bímọ ládùúgbò, bí kòkó ṣe gbówó lórí, pé ata tí Màmá gbìn ti so. Nígbà míì màá dáhùn. Nígbà míì mò ń gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá á kàn máa sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ tí kò fèsì. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan nínú káméra tó fi ọwọ́ pa sípíkà náà lára, bí èèyàn ṣe ń pa ọmọ lára. Ó yẹ kí n ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kan, ìyá mi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Ó ní, "Má kúrò lọ́dọ̀ Bàbá o."

"Ẹsẹ̀ mi ò ní kan ẹnu ọ̀nà, Màámi."

Kò tíì dé títì tí Ṣèyítán, ọ̀rẹ́ mi, fi pè mí pé kí n wá sílé géèmù ní Fájuyì. Mo rò ó wò: káméra wà nínú fóònù mi, ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣebí nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe rà á? Mo gun ọ̀kadà.

Níbẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ. Mo sọ fún wọn pé òkú ń sọ̀rọ̀ nílé wa.

"Irọ́ lò ń pa, Pamílẹ́rìn!" ni Ṣèyítán wí. "Ìwọ tó o ní o rí ejò tó wọ bàtà!"

"Ẹ wá wò ó."

Mo ṣí káméra. Bàbá nìyẹn lórí àga, tó fọwọ́ lẹ́rán. Orí mẹ́rin rọ̀ mọ́ fóònù kan.

"Sọ pé kó jó," ni Ṣèyítán wí.

"Bàbá mi kì í jó."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́! Mo mọ̀ pé irọ́ ni!"

Mo gbé fóònù sẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Dùnsìn, mo ti dúró dè yín pẹ́ ní Ìjan. Ṣé ẹ ò ní wá mú mi ni? Ẹ wá, ká jọ lọ ulé."

Bàbá dìde fùú, bí ọmọ ogún ọdún. "Mò ń bọ̀, Àyọ̀kẹ́! Má bínú, mò ń bọ̀!"

Àwọn ọmọ náà ṣubú lé ara wọn. Ṣèyítán fi orí lu bẹ́ǹṣì. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí gbogbo mọ́tò Fájuyì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yà fún mi. Mo pa fóònù dé, mo gbá géèmù mú. Láìpẹ́, fóònù dún: ilẹ̀kùn ti ṣí. Mo ní atẹ́gùn ni. Mo pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí mo délé ní aago mẹ́rin, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́ni lórí àga.

Mo wo ohun tí káméra gbà sílẹ̀. Bàbá dé fìlà. Ó yọjú wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ó ṣú. Ó padà wọlé, ó mú agbòòrùn Màmá, ó sì kó sálúbàtà Màmá sínú ọ̀rá. Ó jáde. Ohùn mi sì wà níbẹ̀ kedere, àti ẹ̀rín Ṣèyítán lẹ́yìn rẹ̀. Àtàǹpàkò mi kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ìyá mi wọlé. "Bàbá dà?"

"Màámi, mo wà ní yàrá ni. N kò mọ ìgbà tí wọ́n jáde."

"Fóònù mi ò sí lọ́wọ́ mi nípàdé. Tìrẹ ńkọ́? Ẹ̀rọ ò dún ni?"

"Kò dún. Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ."

Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè sáré dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, fóònù dún. Ó tì í, ó tún un ṣí, ó dún. "Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ nígbà yẹn? Káméra náà ò gba nǹkan kan sílẹ̀ láti ọ̀sán." Ó kúnlẹ̀, ó tú ráútà palẹ̀, ó yẹ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò bẹ̀rẹ̀. Iná lọ. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Mo dúró tì í, mò ń tan iná sí àbùkù tí kò sí níbẹ̀.

"Ìyá Pamílẹ́rìn, ẹ forí jì mí," ló wí. "Bóyá èmi ni n kò so ó dáadáa."

Mo sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn kó lè ríran dáadáa.

A wá Bàbá dé ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́. A dé Fájuyì, a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, a dé ilé ìwòsàn. Àwọn ará ìjọ ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú gọ́tà. Èmi náà ń ké "Bàbá! Bàbá!" níbi tí mo mọ̀ pé wọn ò sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò lẹ́nu mi: Ìjan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé orí ahọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e mì. Bí mo bá dárúkọ Ìjan, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ń tan ara mi pé Bàbá ò lè dé ibẹ̀, pé ẹnìkan á ti rí i, pé á padà wálé fúnra rẹ̀. Òjò náà kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí àkùkọ ti kọ, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè. Ó sùn lọ lórí àga pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ ò bàjẹ́."

"Kí lo wí?"

"Kò bàjẹ́ rí. Èmi ni. Bàbá wà ní Ìjan."

Ó wò mí. Kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn lọ gbá ilẹ̀kùn ìyá mi, a sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ilé ìdílé wa ní Ìjan ti wà ní títì pa. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n sin Màmá Àyọ̀kẹ́ sí. Bàbá jókòó nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibojì náà. Agbòòrùn wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló nà án sí. Orí ibojì ni. Omi ń ro tótó lára rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ti to sálúbàtà Màmá sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ibojì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

"Ẹ rọra," ló sọ fún wa. "Ó ti sùn. Ó pè mí, ṣùgbọ́n mo pẹ́ kí n tó dé."

Ìyá mi fi ìró ara rẹ̀ bò ó. A gbé e padà sí Adó, sí ilé ìwòsàn. Òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí à ń lọ sí Ìjan ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi.

Ní Ọjọ́rú, ìyá mi lọ ra oògùn, ó ku èmi àti Bàbá. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ mi ní ìwé kíkà.

"Pamílẹ́rìn," ló wí, "ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti lọ sí Ìjan, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ṣé o lè bá mi tún un ṣe? Kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Fóònù wà lápò mi. Ohùn náà wà lọ́fun mi. Mo lè jáde sí ẹ̀yìn fèrèsé kí n sì fún un ní ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi, ó ti kún mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn.

"Bàbá, kì í ṣe Màmá. Èmi ni mo ń sín wọn jẹ láti inú fóònù mi. Ẹ dárí jì mí."

Mo ń retí èébú. Mo ń retí èpè. Bàbá gbójú sókè sí àjà.

"Nígbà náà," ló wí, "kò pè mí."

Ó yíjú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ní Jímọ̀, kí oòrùn tó yọ, ó kú. Ẹ̀gbẹ́ Màmá la sin ín sí. N kò mọ èyí tó pa á nínú òjò àti ọ̀rọ̀ mi, kò sì sí dókítà tó lè sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo wá pàṣán, mo gbé e fún ìyá mi, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ó gbà á, ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́, ó wá gbé e sílẹ̀.

"Bí mo bá nà ọ́," ló wí, "wàá rò pé o ti san án tán. Dìde."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ṣì ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ ò ní gbà á lẹ́nu mi pé mo ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tí a fi ṣe é kò lè bá wa rẹ́rìn-ín, ìkà ni. Ọgbọ́n tó yanjú nǹkan lónìí lè jẹ́ irọ́ tó máa pani lọ́la. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ tètè sọ ọ́, kódà bí ojú yóò tì yín. Bí mo bá sọ òtítọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ì bá gbé Bàbá wálé. Mo sọ ọ́ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, nídìí ibojì ló ti bá a. Mo sọ ọ́ ní Ọjọ́rú, ó ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Òtítọ́ kan náà ni.